OÒGÙN ÀTI ỌKỌ̀ TÍ Ó GBÉ E: Ọ̀RỌ̀ FÚN ALÁÀWẸ̀ TÍ Ó Ń LO OÒGÙN

   

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùfáà, nítorí èmi kì í ṣe àlùfáà. Apoògùn òyìnbó ni mí, ẹni tí àwọn èèyàn wa ń pè ní oníkẹ́míìsì. Bí oògùn ṣe ń wọ ara ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí aláàwẹ̀ tí ó ń lo oògùn gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ó má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe nínú oṣù àánú yìí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òfin ẹ̀sìn, ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni n ó sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá le, kí ó lọ bá Lèmọ́mù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Èmi ni mo máa ń ra oògùn wọn. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́ ni dókítà kọ. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, bàbá rò ó lọ́kàn ara wọn pé, "N ó kúkú pa méjèèjì pọ̀ ní sààrì, kí ó lè gbé mi di ìrọ̀lẹ́." Hóró náà tóbi díẹ̀, ọ̀fun bàbá kò sì gbà á dáadáa mọ́. Ni wọ́n bá pe ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n ní kí ó bá àwọn lọ̀ ọ́ kúná, kí ó dà á sínú ògì. Ọmọ gbọ́ràn, ó lọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ nìyẹn. Bàbá kírun Sùbúhì tán, wọ́n fẹ́ dìde lórí ẹní, ojú wọn ṣú, wọ́n ṣubú lu etí pèpéle. Àwọn kan ní ebi ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn ni wọ́n rí i pé ìfúnpá wọn ti já wálẹ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀mí bàbá kò bọ́, alamudulilaahi. Ṣùgbọ́n egungun ìtàn wọn kán. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun láti ọjọ́ náà títí Ọlọ́hun fi pè wọ́n. Wọn kò tún fi iwájú orí kan ilẹ̀ mọ́.

Gbogbo ará ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sáré dé. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ni apoògùn nínú ẹbí. Èmi ni mo kọ ọ́ sára ike oògùn pé ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. N kò sọ fún wọn pé hóró yìí kì í ṣe èyí tí à ń lọ̀. N kò bi wọ́n pé, "Bàbá, ààwẹ̀ ń bọ̀, báwo lẹ ó ṣe máa lò ó?" Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo wá sọ fún yín lónìí.

ẸRÙ ÀTI ỌKỌ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn dà bí ẹrù tí à ń kó láti Láfẹ́nwá lọ sí ọjà Kútọ̀. Ẹrù lè dára, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí ó gbé e bá bàjẹ́, tàbí bí awakọ̀ bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ oògùn kò parí síbi pé kí wọ́n rí oògùn tí ó ń wo àrùn. Ìdajì iṣẹ́ wọn ni pé kí oògùn náà gúnlẹ̀ síbi tí ó yẹ, ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ní àkókò tí ó yẹ.

Bí a bá gbé hóró oògùn mì, inú ikùn ni yóò kọ́kọ́ dé, níbi tí omi kíkan wà. Láti ibẹ̀ yóò bọ́ sínú ìfun. Ara ìfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, kí ó tó tàn ká gbogbo ara. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan kì í pẹ́ lára rárá. Paracetamol tí gbogbo wa mọ̀, láàárín wákàtí 2 sí 3 ìdajì rẹ̀ ti lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn ń pẹ́. Amlodipine tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ó tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ní kí a lo èkíní ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tí ó sì ń ní kí a lo èkejì ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Kì í ṣe pé ó kàn wù ú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn oògùn kan kì í pẹ́ lára, wọ́n dá ọgbọ́n sí i. Wọ́n ṣe hóró tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi mu nínú àmù, tí kì í ṣe bí ẹni da àmù dojú dé. Nifedipine ti bàbá wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oògùn wákàtí 12 ni wọ́n dì sínú hóró kan. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ ti fọ́ àmù náà. Ohun tí ó yẹ kí ara gbà láti àárọ̀ di alẹ́ ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti bàbá wa tilẹ̀ jẹ́ méjì pa pọ̀. Ẹ wò ó lára páálí tàbí ike: bí ẹ bá rí SR, XR, ER tàbí Retard lẹ́yìn orúkọ oògùn, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu bí obì. Ẹ má tilẹ̀ dá a sí méjì, àfi bí apoògùn bá ní ó ṣeé dá.

Òmíràn wà tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún. Omi kíkan inú ikùn kò lè ya ẹ̀wù náà. Ó di inú ìfun kí ó tó ṣí. Omeprazole tí àwọn ọlọ́gbẹ́ inú ń lò wà lára wọn, nítorí omi kíkan a máa bà á jẹ́. Irú diclofenac kan náà wà bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wù bò ó kí ó má baà ta ikùn. Ẹni tí ó bá fọ́ wọn ti bọ́ ẹ̀wù lára wọn.

Òmíràn kò tilẹ̀ gba ọ̀nà ẹnu rárá. Insulin ti àwọn onítọ̀ ṣúgà, ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú èèyàn ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, àmọ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gbà á di òní, nítorí bí ẹ bá gbé e mì, ikùn yóò dà á bí ó ti ń da ẹran àti ẹyin. Hóró kan wà fún àwọn tí àyà ń dùn, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi sí, láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ti àwọn oníkọ́ fée, fífà símú ni, kí ó lè dé inú ẹ̀dọ̀fóró kíákíá. Abẹ́rẹ́ kan sì wà tí wọ́n ń gún sínú iṣan fún àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu, tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Àwa ará Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ ṣe àjèjì sí èyí, nítorí Àrò wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ọdún 1954, tí ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, tí òkìkí rẹ̀ kàn yí ayé ká. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kan náà kò wọ ara.

NÍGBÀ TÍ ỌKỌ̀ BÁ BURÚ

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ tẹ́tí sí mi níbí. Ní ọdún 1990, àwọn ọmọdé kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu omi paracetamol. Ní Jos nìkan, ọmọ 47 ni àwọn dókítà kọ àkọsílẹ̀ ikú wọn. Ní ìparí ọdún 2008 wọ inú 2009, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin tún pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Ní 2022, ní Gambia, bí ọmọ 70 ni wọ́n sin lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ikọ́ olómi. Amẹ́ríkà pàápàá rí irú rẹ̀ ní 1937, èèyàn tí ó lé ní 100 ni ó bá a lọ.

Kí ni ó pa wọ́n? Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe paracetamol. Omi tí wọ́n fi po oògùn ni. Àwọn tí ó pò ó fẹ́ lo omi kan tí kò léwu, ṣùgbọ́n diethylene glycol ni ó wà níbẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, kò ní àwọ̀, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Kíndìnrín ni ó ń pa. Ọmọ kò ní tọ̀ mọ́, ìyá yóò rò pé ibà ni ó le. Ẹrù dára, ọkọ̀ ni májèlé.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹ má ra oògùn ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e ka orí atẹ nínú oòrùn, tàbí ẹni tí ó ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò láti Láfẹ́nwá. Ẹ lọ sí kẹ́míìsì tí ẹ mọ ojú ẹni tí ó ni ín, tí ẹ lè padà sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò kú. Òfin ọdún 1993 ni ó dá NAFDAC sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, apoògùn bíi tèmi, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí darí rẹ̀ ní 2001, máa ń sọ pé insulin ayédèrú ni ó pa àbúrò òun obìnrin ní 1988. Ẹni tí ó ti sin ènìyàn rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré.

Ṣíbí tí ẹ fi ń bu oògùn fún ọmọ náà ńkọ́? Ṣíbí ilé kò dọ́gba. Ife kékeré tí ó bá oògùn wá nínú páálí ni kí ẹ lò.

ORÍ ÀÀWẸ̀

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, ààwẹ̀ wa ń tó wákàtí 13 sí 14. Oògùn tí a ń lò ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kò ní wàhálà púpọ̀: a lè gbé e sí ìṣínu tàbí sààrì, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́ẹ̀mejì sábà máa ń ṣeé tò. Ẹlẹ́ẹ̀mẹta ni ìṣòro. Ẹ má pa á pọ̀. Ẹ má ní ẹ ó san ti ọ̀sán mọ́ ti alẹ́. Oògùn kì í ṣe gbèsè. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ ní, "Mo fẹ́ gbààwẹ̀, ṣé irú rẹ̀ wà tí a máa ń lò lẹ́ẹ̀kan?" Lọ́pọ̀ ìgbà ó wà. Ó dára kí ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí oṣù tó lé, kí ara lè ti mọ̀ ọ́n kí ààwẹ̀ tó dé. Ẹni tí kò lọ ṣáájú, kí ó lọ lọ́la.

Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó má gbààwẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. Gígún ìka láti wo ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ó bá wò ó tí ó sì kéré sí 70, tàbí tí ó kọjá 300, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn wọ̀. Insulin tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni kí ó wà, kì í ṣe ibi tí ó ti ń di yìnyín, nítorí èyí tí ó bá dì ti bàjẹ́. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, ìkòkò amọ̀ méjì tí a ki iyanrìn tútù sáàárín wọn, tí a gbé sí ibòji, yóò dín ooru kù fún un.

Ẹni tí ó ní wárápá, kí ó má fo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ibà bá mú, aláìsàn ni. Oògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n pa artemether pọ̀ mọ́ lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni lílò rẹ̀, èkejì sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èkíní lẹ́yìn wákàtí 8. Oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá ni ó ń gbé e wọ ara dáadáa. Kí onítọ̀hún jẹun, kí ó lo oògùn rẹ̀ parí, kí ó sì san ọjọ́ rẹ̀ padà.

Ní ti ìṣínu: bí ẹ bá ń lo tetracycline tàbí ciprofloxacin, ẹ má fi ògì tí ẹ da mílíìkì sí gbé e mì. Ohun tí ó wà nínú mílíìkì yóò dì mọ́ oògùn, kò ní wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. Omi ni kí ẹ fi lò ó, kí mílíìkì dúró fún wákàtí 2 ó kéré tán. Oògùn ìrora bí ibuprofen, ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó. Dàbínù kan ṣoṣo kò tó ìpìlẹ̀ fún un.

Èwo ni ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Ní 1997, Islamic Fiqh Academy, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, jókòó ní Jeddah lórí rẹ̀. Wọ́n ní oògùn ojú, oògùn etí, abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe oúnjẹ, oògùn tí a lẹ̀ mọ́ awọ ara, gbígba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, àti hóró abẹ́ ahọ́n tí a kò gbé omi rẹ̀ mì, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Omi ìfàsára tí ó jẹ́ oúnjẹ ni ó ń bà á jẹ́. Lórí èyí tí oníkọ́ fée ń fà símú, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń há, ẹ fà á, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí àlùfáà rẹ̀ bá ní ó ba ààwẹ̀ jẹ́, yóò san ọjọ́ kan padà. Ẹ̀mí kò ṣeé san padà.

Àgbo ńkọ́? Èmi kì í bú àgbo. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè, ara irú igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti yọ reserpine ní 1952, tí wọ́n fi tọ́jú ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá mu ife àgbo kan ní sààrì lé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lórí, kò mọ iye ẹrù tí ó dì. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Kò sí ẹni tí yóò nà yín.

ÌYỌ̀ǸDA ỌLỌ́HUN

Ẹ̀yin bàbá wa àti ìyá wa, mo mọ ohun tí ń dùn yín. Ojú ń tì yín pé kí ọmọ kékeré máa gbààwẹ̀, kí àgbàlagbà máa jẹun. Ṣùgbọ́n nínú Súrátu Bákárà, ibi tí Ọlọ́hun ti ṣe ààwẹ̀ ní ọ̀ranyàn fún wa, ibẹ̀ náà ni ó ti yọ̀ǹda aláìsàn pé kí ó kà á ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ mọ́, yóò bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọba tí ó pàṣẹ ni ó fúnni láyè. Ẹni tí ó gba àyè náà kò sá fún Ọlọ́hun. Ó tẹ̀lé E ni.

Kí n tó kúrò, ẹ fi márùn-ún yìí sọ́wọ́:

1. Ẹ má lọ̀ oògùn, ẹ má sì pa á pọ̀, láìbéèrè.
2. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí ààwẹ̀, láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.
3. Ẹ kó gbogbo oògùn yín, àti orúkọ àgbo yín, lọ han apoògùn.
4. Ẹ ra oògùn ọmọ níbi tí ẹ ti mọ ẹni tí ń tà á.
5. Bí ara bá kọ̀, ẹ ṣínu. Ọlọ́hun mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra oògùn fún òbí, ọ̀dọ̀ yín ni mo fi ọ̀rọ̀ sí. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn ìrun àṣámù, ẹ gba ike oògùn bàbá tàbí ìyá yín, ẹ kà á, ẹ sì bi wọ́n léèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ń lo èyí?" Ẹ fi sùúrù gbọ́ èsì wọn. N kò bi bàbá tèmi.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa àti ìrun wa. Kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí ó dárí jin àwọn òkú wa, kí ó sì jẹ́ kí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé nínú ìlera. Àmín.